Ìyá Ẹfọ̀n Wá Ẹni Tó Pa Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi. Ààlọ́ o! Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá lé Ìyá Ẹfọ̀n. Akíndèjì, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, kú lójú ogun tí àwọn ẹfọ̀n bá àwọn ẹkùn jà. Ìyá Ẹfọ̀n búra pé òun kò ní jẹ koríko títí òun yóò fi kan ẹkùn tó pa á pa.

Odò mẹ́ta ló sọdá. Etu bẹ̀ ẹ́ ní àkọ́kọ́ pé kó padà sílé, Ọ̀bọ bẹ̀ ẹ́ ní ìkejì, Ìnàkí kúnlẹ̀ ní ìkẹta. Orin ló fi ń dá wọn lóhùn. Ẹ bá mi gbè é:

Akíndèjì rogun kò bọ̀ o,
Ọmọ mi, yéè!
Ẹni tó pa á kò ní sinmi,
Ọmọ mi, yéè!

Ó bá arúgbó ẹkùn kan lẹ́nu ihò àpáta.

“Ẹkùn tó pa ọmọ mi dà?”

“Ọmọ mi ni. Ìwo ọmọ yín ló gún un. Ojú kan náà làwọn méjèèjì kú sí. Ẹ kàn mí pa, tẹ́ ẹ bá fẹ́.”

Ìyá Ẹfọ̀n jókòó tì í.

“Kí lorúkọ rẹ̀?”

“Abíọ́nà.”

“Akíndèjì ni tèmi.”

Ẹ̀yin ọmọ, ibẹ̀ ni mo fi wọ́n sí, tí wọ́n jọ ń sunkún.