Agbọ̀n Tí Kò Fẹ́ Dúró Lójú Ọ̀nà

Àlọ́ o!
Àlọ̀!
Àlọ́ mi fò fẹ̀ẹ̀, ó gba ojú odò ńlá kọjá, ó bà lé Àkọ̀ abiyẹ́ fífẹ̀ àti Ọ̀kẹ́rẹ́ ẹlẹ́nu dídùn.

Ní ìgbà kan rí, ọ̀dá dá nílùú àwọn ẹranko. Òdìkejì odò ni oúnjẹ wà. Àkọ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ló ń fi agbọ̀n gbé èrò kọjá. Ṣùgbọ́n agbára ẹyẹ mẹ́rin kò gbé ọ̀nà náà tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n á bà sórí àpáta kan láàárín odò, wọ́n á sinmi. Erinmi ló ń ṣọ́ àpáta náà kí Ọ̀nì má baà gùn ún. Èrò kọ̀ọ̀kan á sì bu oúnjẹ fún un.

Bíbù yìí ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ò fẹ́.

"Ìyá Àkọ̀, ẹ jẹ́ ká máa fò lọ tààrà. Kí là ń dúró ṣe lórí òkúta?"

"Ẹyẹ méjìlá ló lè ṣe é, tí wọ́n á máa gba agbọ̀n lọ́wọ́ ara wọn. Àwọn ẹbí mi kò sì ní wá torí èrò mẹ́ta. Èrò mélòó ló fẹ́ lọ?"

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún mi. Màá bi wọ́n lójúlé-ójúlé."

Kò bi ẹnikẹ́ni pé, "Ṣé wàá lọ lọ́jọ́ ọjà?" Ohun tó ń bi wọ́n ni, "Ṣé ibi tí oúnjẹ pọ̀ sí kò wù ọ́?" Ta ni kò ní wù? Ẹtu tí kò lè dìde nílẹ̀ mi orí pé ó wu òun. Ó kà á. Ó ka ẹyin inú ìtẹ́ Àparò. Ó ka Ìmàdò tí wọ́n sin níjẹta.

"Ọgọ́ta!" ló wí fún Àkọ̀.

Àkọ̀ bi ara rẹ̀ pé, Ta ló kù nílùú tó tó ọgọ́ta? Ṣùgbọ́n apá Fúlẹ́lẹ́, àbíkẹ́yìn rẹ̀, ti ń wú. Ó fẹ́ kó jẹ́ òótọ́, ó bá gbà á gbọ́. Ó ránṣẹ́ pe ẹbí rẹ̀ mẹ́jọ. Òun fúnra rẹ̀ ló fò lọ bá Erinmi.

"A ò ní dúró níbí mọ́. O lè máa lọ."

Erinmi ní, "Ó dáa. Ẹ ṣeun fún oúnjẹ." Ó wọ omi, ó lọ.

Ọjọ́ ọjà pé. Oòrùn kàntàrí. Èrò méjì péré ló yọ: Ọ̀kẹ́rẹ́ pẹ̀lú àpò ẹkùrọ́, àti Òkété olóyún.

"Àwọn tó kù ńkọ́?" Àkọ̀ bèèrè.

"Wọ́n ń bọ̀," Ọ̀kẹ́rẹ́ dáhùn.

"Ta ló ń bọ̀?" Òkété bi í. "Ẹlòmíràn ò lè rìn. Ẹlòmíràn ò lè fi arúgbó rẹ̀ sílẹ̀."

Ẹyẹ mẹ́jọ náà fi ìbínú gbéra, wọ́n padà sílé wọn. Àkọ̀ wo ikùn Òkété. Kò lè sọ pé òun ò lọ mọ́.

Wọ́n fò dé àárín odò. "Ìyá mi, apá mi," ni Fúlẹ́lẹ́ wí. Àkọ̀ wo ìsàlẹ̀. Àpáta náà ń mì. Ọ̀nì ló bò ó pátápátá.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, ju ẹrù rẹ nù!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ túbọ̀ dì mọ́ àpò rẹ̀. Apá Fúlẹ́lẹ́ ká. Ó já bọ́ sínú odò. Agbọ̀n dojú dé, Ọ̀kẹ́rẹ́ àti ẹkùrọ́ rẹ̀ bọ́ sẹ́nu Ọ̀nì. Òkété fi eyín di okùn agbọ̀n mú. Bẹ́ẹ̀ ni ẹyẹ mẹ́ta tó kù ṣe wọ́ ọ dé èbúté.

Ibẹ̀ ni Òkété bímọ sí. Ó ní kí Àkọ̀ wá sọ ọmọ lórúkọ. Àkọ̀ ń wá Fúlẹ́lẹ́ nínú omi. Ó dúró létí omi lórí ẹsẹ̀ kan, ó tẹjú mọ́ ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń rí i títí dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó ní ó wu òun kò tíì ní òun ń lọ. Bí ọ̀kánjúwà bá kà á fún wa, ẹ jẹ́ ká fojú ara wa tún un kà, kí a tó lé ẹni tó ń ṣọ́ ibi ìsinmi wa.