Róòsì Kòkó, Róòsì Sányán

Ìyàwó Olóyè Adégòròyè fẹ́ òdòdó róòsì aláwọ̀ kòkó fún ìṣílé wọn, ìyá tó bí Olóyè sì fẹ́ aláwọ̀ sányán. Olóyè pàṣẹ fún Ìbídùn tó ń to òdòdó pé oríṣi kan ṣoṣo ni kó gbé wá, kó sì tẹ́ àwọn méjèèjì lọ́rùn. Ìbídùn wá èyí tí àwọ̀ rẹ̀ wà láàárín kòkó àti sányán, ó gbé e sáàárín tábìlì, ó ta aṣọ funfun sẹ́yìn àga ìyá, ó ta etù dúdú sẹ́yìn àga ìyàwó tó kọjú sí i. Níwájú aṣọ funfun, òdòdó dúdú lójú ìyàwó; ó sọ sí ọkọ rẹ̀ létí pé, "Kòkó ló borí." Níwájú etù, ó mọ́ lójú ìyá, òun náà sọ sí ọmọ rẹ̀ létí pé, "Sányán ló borí." Olóyè fa Ìbídùn sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Àwọ̀ wo gan-an ni?" Ìbídùn kúnlẹ̀, ó ní, "Bàbá, ọwọ́ ta lẹ ó ti jẹun lálẹ́ òní? Àwọ̀ tí ẹni yẹn bá pè é náà ni."