Ẹ Jẹ́ Kí Táǹkì Mí

Ní agbolé Aró ní Ìgbájọ, bí ènìyàn méjì bá ń jà, tí ọ̀kan kò sì jẹ́ kí èkejì lanu sọ̀rọ̀, àwọn àgbà a máa ní, "Ẹ jẹ́ kí táǹkì mí." Ìyàwó tuntun tó bá gbọ́ ọ a wo ọ̀tún, a wo òsì. Táǹkì wo? Ṣé táǹkì ní imú ni? Kò jẹ̀bi. Inú ilé kọ́ ni wọ́n ti kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ̀bá títì ni.

Ọládòkun ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Iṣẹ́ yíyẹ kòkó wò ló ṣe fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan tó ti rà látìgbà tí ara ṣì le, ọkọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú tán lójú títì. Kì í ṣe oníkabúrétọ̀. Ínjẹ́ṣọ̀n ni: pọ́ǹpù kan wà ní ìdí rẹ̀ tó ń fi agbára ti epo bẹntiróòlù síwájú, títí yóò fi fọ́n sínú ẹ́ńjìnnì bí ìrì. Ọládòkun fẹ́ràn ọkọ̀ yìí débi pé kì í jẹ́ kí ewúrẹ́ fara ha taya rẹ̀.

Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé Gbádégẹṣin àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Gbádégẹṣin mọ ọkọ̀ wà dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá di ká sọ̀rọ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹnu rẹ̀ a wúwo. Ọládòkun kì í ṣe ìkà. Ó kàn jẹ́ ẹni tí ń dáhùn kí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tó jáde tán ni.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn ìkórè iṣu, àìsàn kan dé bá ọkọ̀ náà. Láàárọ̀, á jí wàrà. Bí ó bá rìn díẹ̀, pàápàá bí ó bá ń gun òkè, á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe òsúkè, á sì kú. Sítátà á máa yí i, kò ní dáhùn. Gbádégẹṣin á wá rọ epo díẹ̀ sí i láti inú kẹ́ẹ̀gì, ọkọ̀ á sì jí. Ọwọ́ tí ń fi ìwọ̀n epo hàn níwájú ọkọ̀ ti kú tipẹ́, ẹnikẹ́ni kò lè fojú rí ohun tó wà nínú táǹkì. Ọládòkun rò ó síwá, ó rò ó sẹ́yìn: bí kò bá jí àfi bí a bá rọ epo, epo inú rẹ̀ ló ń tán. Ta ló sì ń wà á?

"Gbádégẹṣin, ò ń fa epo mi tà."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n—"

"Panu mọ́! Mo mọ ohun tí o fẹ́ sọ."

Gbádégẹṣin panu mọ́. Wọ́n pààrọ̀ bátìrì, wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, àìsàn náà kò lọ. Nígbà tó yá, Gbádégẹṣin kò jẹun nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́. Aya rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù kí wọ́n lè kó lọ sí Ìlọrin, nítorí obìnrin náà ní òun kò lè máa gbé níbi tí wọ́n ti ń pe ọkọ òun ní olè.

Ojú ń dun ìyá wọn nígbà náà, wọ́n sì ní láti gbé e lọ rí dókítà ojú ní Òṣogbo. Ìyá ní òun kò ní wọ ọkọ̀ àfi bí àwọn ọmọ òun méjèèjì bá bá òun lọ. Bí Ọládòkun ṣe jókòó síwájú nìyẹn, tí Gbádégẹṣin ń wa ọkọ̀, tí kò sí ẹni tó bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀. Lórí òkè kan kí wọ́n tó dé Ìkìrun, ọkọ̀ ṣe òsúkè, ó kú.

Wọ́n ti í lọ sábẹ́ igi níbi tí mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Ràímì ti ń ṣiṣẹ́. Ràímì ní pọ́ǹpù ló kú. Ṣùgbọ́n kò fọwọ́ kan irinṣẹ́. Ó ní kí Gbádégẹṣin yí kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, kó má tíì sítáàtì, ó sì tẹ́tí sí ìdí ọkọ̀. Pọ́ǹpù ń hu, ó ń ké bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ.

"Mo ṣì í wí," ni Ràímì wí. "Kò tíì kú."

Ó tú púlọ́ọ̀gì kan. Iná ń ta lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbẹ táútáú, kò tilẹ̀ ní òórùn epo.

"Iná ń bẹ, Bàbá. Epo ni kò dé ibí."

"Ṣé mo sọ?" Ọládòkun fò sókè. "Ó ti tà á!"

Ràímì gbọn ìdí ọkọ̀. Epo ń dún nínú táǹkì, kì í sì í ṣe díẹ̀. Ó wá yí ìdérí táǹkì. Fìììì! Táǹkì fa afẹ́fẹ́ sínú bí ẹni tó ti pẹ́ lábẹ́ omi.

"Ẹ sítáàtì rẹ̀."

Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà.

"Táǹkì yìí kò rí èémí gbà," ni Ràímì wí. "Bí epo ṣe ń jáde, ó yẹ kí afẹ́fẹ́ máa wọlé rọ́pò rẹ̀. Ìdérí yìí dí pa. Bí pọ́ǹpù ṣe ń fa epo, bẹ́ẹ̀ ni táǹkì ń fà á padà. Nígbà tí ẹ bá ṣí i láti rọ epo ló ń mí, ẹ wá rò pé epo tí ẹ rọ ló jí i. Ìdérí yìí kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí. Ta ló rà á?"

Gbádégẹṣin lanu.

"Ìwọ yìí—" ni Ọládòkun bẹ̀rẹ̀.

"Ọládòkun!" Ohùn ìyá wọn ni, láti ẹ̀yìn ọkọ̀. "Táǹkì mí, ọkọ̀ jí. Jẹ́ kí àbúrò rẹ náà mí."



"Èmi ni mo rà á," ni Gbádégẹṣin wí. "Ti àkọ́kọ́ sọnù nílé epo. Mo wá sọ fún yín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ lé mi jáde. Lọ́jọ́ tí ẹ pè mí lólè, mo tún fẹ́ sọ ọ́. Ẹ ní ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ sọ."

Ọládòkun wo ìdérí tó wà lọ́wọ́ Ràímì. Ìtìjú mú un. Ọmọ ìyá rẹ̀ ló pè lólè, nítorí ọ̀rọ̀ tí ìbá parí láàárín ìṣẹ́jú kan.

"Ǹjẹ́ òmíràn wà," ni ó bi í, "tí o fẹ́ sọ fún mi tí n kò gbọ́?"

"Ó pọ̀, ẹ̀gbọ́n mi."

"Máa sọ ọ́ bí a ṣe ń lọ."

Ràímì fi ìṣó lu ihò kékeré sí ìdérí náà, wọ́n sì mú ọ̀nà pọ̀n. Gbádégẹṣin sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi dé Òṣogbo. Nígbà mìíràn Ọládòkun á fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyá wọn á sì fọwọ́ tọ́ ọ léjìká. Nígbà tí wọ́n délé, Ọládòkun kò tíì bọ́ bàtà tó fi lọ bá aya àbúrò rẹ̀ nídìí ẹrù.

"Tú u," ni ó wí. "Ọkọ rẹ kò jalè. Èmi ni mo ṣẹ̀ ẹ́."

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn.

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ ìyá wọn ti di òwe ní agbolé Aró. Ẹni tí a kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀, inú rẹ̀ lè kún fún ohun tí à ń wá kiri, kó má ràn wá lọ́wọ́ rárá. Nítorí náà, kí a tó pe ẹnikẹ́ni ní olè, ẹ jẹ́ kí táǹkì mí.