Àgbẹ̀ Tí Kò Jẹ́ Kí A Yẹ Ọmọ Rẹ̀ Wò

Ọkùnrin kan wà tí ó mọ iṣu gbìn. Bí òjò bá ti rọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín ebè ní kùtùkùtù. Ebè tí èèbù inú rẹ̀ kò bá hù nígbà tí àwọn yòókù ti ń fà lórí igi, á fọwọ́ tú u wò. Bí ikán bá ń jẹ ẹ́, á lé ikán. Bí ó bá ti jẹrà, á fi òmíràn sí i. Àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́: “Ìyá ìkókó, ṣé àwọn ọmọ jí dáadáa?”

Á rẹ́rìn-ín, á ní, “Ẹ máa sọ̀rọ̀. Nígbà tí a bá ń wa iṣu, a ó mọ ẹni tó sùn.”

Ó ní ọmọkùnrin kan tí kò tíì pé ọdún méjì. Ọmọ náà sanra, ó ń sáré, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n kò tíì pe ìyá rẹ̀, kò pe bàbá. Bí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, kì í wẹ̀yìn. Ìyá ọmọ rí i, ó sì sọ ọ́. Ìyá ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé, “Ọkọ rẹ náà pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ṣé o rí i bó ti ń pariwo lónìí?” Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀.

Nígbà tó yá, nọ́ọ̀sì kan wá sí àdúgbò, ó mú abọ́ irin àti ṣíbí lọ́wọ́. Ó ń bèèrè ohun tí ìyá èyíkéyìí lè dáhùn: ṣé ọmọ ń dá jókòó? Ṣé ó ń nàka sí ohun tó fẹ́? Á lu abọ́ lẹ́yìn àwọn ọmọ láti mọ èyí tí kò ní yíjú. Nígbà tó dé ilé àgbẹ̀ yìí, ìyá ọmọ ti ń gbé ọmọ bọ̀ níta, ṣùgbọ́n bàbá fi ara dí ẹnu ọ̀nà.

“A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

“Bàbá, n kò kà á. Abọ́ lásán ni mo fẹ́ lù.”

“Lọ lù ú nílé bàbá rẹ.”

Nọ́ọ̀sì lọ. Ọmọ dàgbà, ó ń tẹ̀lé bàbá rẹ̀ lọ sóko. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, bàbá ń gé igi ńlá kan tó ṣíji bo iṣu rẹ̀. Igi náà bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó sì yà sí ibi tí bàbá kò fẹ́, níbi tí ọmọ wà. Bàbá kígbe. Àwọn alágbàṣe sá. Ọmọ náà kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ń fi ọ̀pá wa ilẹ̀. Bàbá pe orúkọ rẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há. Ọmọ náà kò yíjú.

Nígbà tí wọ́n ń sin ọmọ náà, àwọn ènìyàn ní ọwọ́ ayé ni. Irọ́ ni! Ayé kọ́ ló lé nọ́ọ̀sì.

Ìwọ tí o jókòó níwájú mi yìí, má kàn máa mi orí sí mi. Ọmọ rẹ ti pé oṣù mẹ́wàá, ọrùn rẹ̀ kò tíì gbé orí, o sì ní kí ẹnikẹ́ni má fẹnu kàn án kí aráyé má baà gbọ́. Ta ni aráyé? Ṣé wọn yóò bá ọ tọ́ ọmọ náà ni? Bí ewúrẹ́ rẹ bá kọ oúnjẹ láàárọ̀, o mọ̀. Bí ọ̀kadà rẹ bá yí ohùn padà, o mọ̀. Yíyẹ ọmọ wò kì í ṣe èpè. Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n bá rí ni wọ́n lè wò sàn, n kò ní parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé ọmọ òun kò gbọ́rọ̀ kò ní dúró lókèèrè kó máa pè é. Á di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Ìyàwó rẹ ti pọn ọmọ láti àárọ̀, ojú rẹ ló ń wò. Dìde, kí ẹ jọ lọ.