Bí Àwẹ̀ró Ṣe Fi Èèpo Igbá Gba Odi Agbélé Là

Ní ọdún tí ogun Jagunmólú dó ti ìlú Agbélé, òjò ń ba àwọn ará ìlú lẹ́rù ju ìbọn lọ. Àwọn ọ̀tá ti wó apá kan odi. Wọ́n ti fi amọ̀ mọ ọ́n padà, ṣùgbọ́n kò le tó láti gba òjò. Jagunmólú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó jókòó sí àgọ́ rẹ̀, ó ń retí òjò àkọ́rọ̀ tí yóò bá a wó odi náà, kí ó lè kó tọmọdé tàgbà lẹ́rú. Iṣu sì ti tán nínú ìlú.

Balógun Ọdẹ́wọyè, akíkanjú tí kì í kẹ̀yìn sógun, pàṣẹ pé kí wọ́n gé gbogbo igi igbá inú ìlú, igi tí a ń fi èso rẹ̀ se irú, láti fi ti odi. Kò yà mí lẹ́nu. Inú ọbẹ̀ nìkan ni òun ti ń pàdé irú. Nígbà tí àwọn aláàáké dé ìdí igi àkọ́kọ́, wọ́n bá Àwẹ̀ró níbẹ̀, Àwẹ̀ró a-se-irú-kádùúgbò-mẹ́ta-gbọ́, opó tí ogun náà ti pa ọkọ rẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti igi, kò sì dìde títí Balógun fi dé.

“Bàbá, ẹ má bínú,” ni Àwẹ̀ró wí. “Bí ẹ bá gé igi yìí, ebi ni yóò ṣílẹ̀kùn fún ọ̀tá. Èso rẹ̀ ti gbó. Omi èèpo rẹ̀ la sì fi ń pa ilẹ̀ ilé tí ẹ ń sùn lé, tó fi le bí òkúta. Ẹ jẹ́ ká fi pa odi. Bó bá wó, èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ jù sí wọn.”

Ọdẹ́wọyè ní kí àwọn ọ̀dọ́ fi àáké sílẹ̀, kí wọ́n gun igi lọ ká èso. Àwọn ọmọ lá ìyẹ̀fun pupa inú rẹ̀ títí ẹnu wọn fi pọ́n. Àwọn obìnrin fi ẹ̀ka gbígbẹ dáná, wọ́n se èèpo, wọ́n sì fi omi rẹ̀ pa odi ní àpatúnpa fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ní ọjọ́ kẹrin, òjò dé. Bó ti ń dá, àwọn ọ̀tá sáré wá pẹ̀lú ariwo, wọn kò tilẹ̀ gbé àkàsọ̀ dání, nítorí àlàpà ni wọ́n rò pé àwọn yóò bá. Odi ni wọ́n bá, ó ń dán, ọwọ́ kò rí nǹkan dì mú lára rẹ̀. Ẹ̀tù ìbọn wọn ti tutù. Ọdẹ́wọyè ṣí bodè, ó dà wọ́n bolẹ̀, Jagunmólú sì fi ẹsẹ̀ lásán sá wọ ìgbẹ́. Inú ìlú dùn dé egungun.

Láti ìgbà náà, ẹnikẹ́ni kì í gé igi igbá tútù ní Agbélé. Ẹni tí a bá fẹ́ fi jẹ Balógun yóò kọ́kọ́ kúnlẹ̀ níwájú obìnrin tó dàgbà jù nínú àwọn tó ń se irú, yóò gba ìkòkò omi èèpo lọ́wọ́ rẹ̀, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa odi. Obìnrin náà ni yóò sọ ìgbà tó tó.