Bí Àwẹ̀ró Ṣe Hú Aṣọ Òkú ní Ìsàgbà

Ní ọdún tí ogun Hitila parí, àwọn ọkùnrin ìlú Ìsàgbà ki ìbọn wọn láti pa ọmọ ara wọn. Ọ̀tá kankan kò kógun ja ìlú náà, kò sí ìyàn, kò sì sí àjàkálẹ̀ àrùn. Àṣà kan tí wọn kò yẹ̀ wò láti ìgbà pípẹ́ ló fẹ́ sọ wọ́n di apànìyàn, obìnrin kan ṣoṣo ló sì dá wọn dúró. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀, Àwẹ̀ró ọmọ olóko etídò, obìnrin gíga tí ń dá ru igi tí ọkùnrin méjì ń pawọ́ pọ̀ gbé, opó tí kò tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ ará ilé ọkọ rí.

Àṣà náà nìyí. Bí ọmọ Ìsàgbà bá kú sí ìdálẹ̀ tí wọn kò rí òkú rẹ̀ gbé wálé, wọn a mú aṣọ rẹ̀ kan, wọn a fọ̀ ọ́ bí ìgbà tí à ń wẹ òkú, wọn a sì sin ín sí etí ọ̀nà tó wọ ìlú. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni náà ti kú pátápátá. Wọn a ṣú ìyàwó rẹ̀ lópó, wọn a pín oko rẹ̀. Bí ohunkóhun tó jọ ọ́ bá wá ń bọ̀ lẹ́yìn èyí, àkúdàáyà ni wọ́n kà á sí, àwọn ọdẹ sì gbọ́dọ̀ yìnbọn fún un kó tó kọjá ibojì aṣọ náà, kó má baà kó ikú wọ̀lú.

Ọkùnrin mọ́kànlá ló ti Ìsàgbà lọ sí ogun Bọ́mà. Ọdẹ́bùnmi, ọmọ kan ṣoṣo tí Àwẹ̀ró bí, wà nínú wọn. Fún ọdún méjì, lẹ́tà kankan kò dé. Nígbà tó yá, oníṣòwò kan kọjá, ó ní òun gbọ́ pé ọkọ̀ ojú omi tó kó wọn ti rì. Ó gbọ́ ni, kò rí i. Síbẹ̀, kí oṣù náà tó parí, wọ́n ti sin aṣọ mọ́kànlá. Látẹ́jú, àbúrò bàbá Ọdẹ́bùnmi, ló yára jù; ọjọ́ kẹta ìsìnkú ló ti wọ oko kòkó ọmọ náà. Àwẹ̀ró sunkún, ó sì gbà, torí gbogbo ìlú ló gbà.

Ó lé ní ọdún kan lẹ́yìn èyí kí mọ́tò sinimá ìjọba tó dé. Ọ̀gbẹ́ni Dáwódù, ọmọ Ìbàdàn tó ń yí ẹ̀rọ náà, ta aṣọ funfun mọ́ ògiri kóòtù, bí oòrùn sì ṣe wọ̀, ó tan iná sí i. Kò sí ẹni tó rí irú rẹ̀ rí. Ọkọ̀ òfúrufú ń da bọ́ǹbù sílẹ̀, ilé ń wó, òkú ọmọ ènìyàn nà sílẹ̀ lọ bí ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Àwọn bàbá àgbà dojú bolẹ̀.

“Ẹ má sá o,” ni Dáwódù wí. “Bí bọ́ǹbù yẹn bá lè jáde, ṣé èmi tí mo wà nídìí ẹ̀rọ kọ́ ni yóò kọ́kọ́ pa?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ara sì tù wọ́n díẹ̀. Látẹ́jú na ìka sí sójà òyìnbó kan tí ẹrù fẹ́ gbé ṣubú. “Ẹ wo eléyìí. Ìyàwó mi á ru ẹrù yẹn pẹ̀lú oyún.”

Ẹ̀rín náà kò tíì tán lẹ́nu wọn tí àwọn sójà dúdú fi yọ, wọ́n ń wẹ̀ nínú odò. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ búrẹ́dì. Ó yíjú padà, ojú rẹ̀ kún aṣọ funfun náà láti òkè délẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín sí wọn. Ọdẹ́bùnmi ni.

Àwẹ̀ró dìde, ó rìn lọ síbi aṣọ náà, ó sì gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ìlú tú ká. Àpótí ń ṣubú lu àpótí. Ìyá kan sá títí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ kó tó rántí ọmọ tó gbé sílẹ̀. Kúdẹ̀hìnbú, olórí ọdẹ, yìnbọn lu aṣọ náà. Bí ọta ìbọn ṣe kọjá lókè orí Àwẹ̀ró, kò yẹ̀ kúrò.

“Ìgbà wo ni wọ́n ya àwòrán yìí?” ló bi Dáwódù.

Dáwódù ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdérí agolo fíìmù náà. “Oṣù kẹta ọdún yìí, ìyá.”

“Aṣọ rẹ̀ ti wà nínú ilẹ̀ nígbà náà. Ẹni tó wà láàyè la sin.”

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, akọ̀wé ìjọba ránṣẹ́ pé àwọn sójà Ìsàgbà ti gúnlẹ̀ sí Èkó, wọn yóò dé pẹ̀lú lọ́rì ní ọjọ́ Ẹtì. Kò dárúkọ ẹnì kankan. Àwọn àgbà pé jọ níwájú ilé Baálẹ̀.

“Àwòrán òkú la rí,” ni Látẹ́jú wí. “Òkú náà ni yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì. Ṣé torí aṣọ tí wọ́n ta mọ́ ògiri la ó ṣe ba àṣà àwọn bàbá wa jẹ́?”

“Látẹ́jú, oko kòkó ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ,” ni Àwẹ̀ró wí.

“Obìnrin, jókòó.”

“Mo ti jókòó fún odidi ọdún kan.”

Wọ́n pinnu pé kí àwọn ọdẹ lọ dúró dè wọ́n pẹ̀lú ìbọn. Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí mọ̀ ọ́n dájú pé nínú àwọn tó fọwọ́ sí i, kò sí ẹnì kan tí kò jẹ nínú ilẹ̀ tí wọ́n pín. Ẹni tí ìwà ìkà bá ti ṣe láǹfààní, kíá ni yóò pè é ní àṣà.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ọdẹ méjìlá dé etí ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn. Ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ dá wọn dúró. Àwẹ̀ró ti fi ọkọ́ hú ibojì mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Ó ti sá àwọn aṣọ náà sórí koríko, bí ẹni sá aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bùbá Ọdẹ́bùnmi tí ikán ti jẹ ló wọ̀ sọ́rùn, ó sì jókòó sí àárín ọ̀nà. Látìgbà tí ìlú náà ti wà, kò sí ọwọ́ tó kan irú aṣọ bẹ́ẹ̀ rí.

Lọ́rì náà dé. Ọkùnrin mẹ́jọ ló sọ̀ kalẹ̀. Àwẹ̀ró wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tún wò wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Ògúnṣakin, ọ̀rẹ́ ọmọ rẹ̀, dọ̀bálẹ̀ sínú eruku.

“Ìyá, Ọdẹ́bùnmi kò bá wa bọ̀.”

“Ta ló fọwọ́ kàn án?”

“Èmi ni, ìyá. Èmi ni mo pa ojú rẹ̀ dé. Oṣù karùn-ún ni.”

Oṣù kẹta ni wọ́n ya ẹ̀rín tó rín lára ògiri kóòtù. Látẹ́jú tó dúró sẹ́yìn àwọn ọdẹ ló sọ̀rọ̀: “Ṣé o wá rí i? Òkú ni ọmọ rẹ. Kúrò lọ́nà.”

Ìyá tí ọmọ rẹ̀ kò sí nínú lọ́rì kò rí ìdí tí yóò fi dúró mọ́; ohun tí gbogbo wọn rò nìyẹn. Àwẹ̀ró dìde, ó kẹ̀yìn sí àwọn sójà, ó sì dojú kọ ìbọn méjìlá.

“Òótọ́ ni, ọmọ mi ti kú. Ẹni tó pa ojú rẹ̀ dé nìyí. Àwọn mẹ́jọ yìí ńkọ́? Ta ló pa ojú tiwọn dé? Kí ẹni tó fọwọ́ kan òkú Ògúnṣakin jáde wá, kó wá yìnbọn fún un. Bí kò bá sí, èmi lẹ ó kọ́kọ́ pa, kí ìlú yìí lè ní òkú kan tí ojú gbogbo yín rí.”

Kò sí ẹni tó jáde. Kúdẹ̀hìnbú ló kọ́kọ́ rẹ ìbọn sílẹ̀, ó sì gbọn ẹ̀tù inú rẹ̀ dànù. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Àwọn sójà wá sọ orúkọ àwọn méjì mìíràn tí àwọn fọwọ́ ara wọn sin. Aṣọ mẹ́ta ni wọ́n dá padà sínú ilẹ̀ lọ́jọ́ náà; Àwẹ̀ró bọ́ tọrùn rẹ̀, ó sì tò ó mọ́ wọn.

Àwọn mẹ́jọ náà kò lè sùn láàárín àwọn tó fi ìbọn dúró dè wọ́n. Àwẹ̀ró kó wọn kọjá odò lọ sórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀, ó bá wọn ṣán igbó, ó sì bá wọn mọ ilé. Ìtẹ̀dó Àwẹ̀ró ni wọ́n ń pe ibẹ̀ títí di òní. Ìsàgbà fúnra rẹ̀ kò sì sin aṣọ láìbéèrè mọ́. Bí ìròyìn ikú bá ti ìdálẹ̀ dé, olórí ẹbí yóò bọ́ síta, yóò béèrè lẹ́ẹ̀mẹta pé: “Ta ló fọwọ́ kàn án?” Bí ẹnì kankan kò bá dáhùn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sunkún. Ọkùnrin kan ti Ìsàgbà lọ sí Gold Coast, Gánà òní, ní nǹkan bí àádọ́rin ọdún sẹ́yìn. Kò sí ẹni tó dáhùn fún un. Lọ́dọọdún, àwọn ọmọ àbúrò rẹ̀ ń ro oko rẹ̀ dè é kí wọ́n tó ro tiwọn.