Àpò Kún, Iná Kò Ràn

Ọkùnrin kan wà tó ń sin adìyẹ, tó ti gba irinwó òromọdìyẹ sílé kó tó rántí pé ọyẹ́ ti dé. Òromọ ọjọ́ mẹ́ta kò mọ ohun mìíràn ju ooru lọ. Bí òtútù bá mú un, orí ẹnìkejì rẹ̀ ni yóò gùn, títí àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò fi kú.

Ọkùnrin yìí kò fòyà. Ó ní kòtò kan lẹ́yìnkùlé, tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì rẹ́, tí wọ́n sì dé pa kí atẹ́gùn má bàa wọ̀ ọ́. Ìgbẹ́ màlúù àti èèpo ẹ̀gẹ́ ló ń dà sínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá jẹrà, afẹ́fẹ́ tó ń jó bí gáàsì a gba inú páìpù lọ sínú àpò rọ́bà ńlá kan, láti ibẹ̀ lọ sí sítóòfù tó ń mú yàrá àwọn òromọ gbóná. Garawa méjì lóòjọ́ ni ìyá tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà sọ fún un. Ìyá yìí ń sin ẹlẹ́dẹ̀ ní abúlé kejì, òun náà sì ní kòtò tirẹ̀.

Lọ́jọ́ ọyẹ́ kìíní, iná rọ. Lọ́jọ́ kejì, ó kéré bí iná àbẹ́là. Ọkùnrin náà wo kòtò, ó ní, "Ebi ló ń pa ọ́." Ó da garawa mẹ́rin sí i. Lọ́jọ́ kẹta, ó da mẹ́fà. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, àpò ti wú, ó le bí ikùn aboyún tí oṣù rẹ̀ ti pé. Ọkùnrin náà fọwọ́ gbá a, ó rẹ́rìn-ín. Ó sáré wọ yàrá òromọ, ó yí sítóòfù, ó ṣá ìṣáná.

Ìṣáná kú.

Ó ṣá òmíràn. Ó ń gbọ́ afẹ́fẹ́ tó ń ṣe ṣìì láti inú sítóòfù. Afẹ́fẹ́ náà gan-an ló ń pa iná. Ó ṣá ẹ̀kẹta. Lẹ́yìn rẹ̀, àwọn òromọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn ní igun yàrá.

Ó gun alùpùpù lọ gbé ìyá tó ń sin ẹlẹ́dẹ̀ wá. Ìyá náà kò wo àpò. Ó lọ sí ibi tí ẹrẹ̀ ti ń ṣàn jáde nínú kòtò, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fa imú sẹ́yìn.

"Ó ti kan. Garawa mélòó?"

"Mo kàn fi díẹ̀ kún un ni, mà."

"Mi ò bi ọ́ ní díẹ̀. Mélòó?"

"Mẹ́fà, mà."

"Mélòó ni mo ní?"

"Méjì, mà."

"Àwọn ẹlẹ́dẹ̀ mi pàápàá mọ ìgbà tí wọ́n yó."

"Ṣùgbọ́n àpò kún, mà."

"Kí ló kún un?"

Ìyá náà dojú garawa kan dé, ó jókòó lé e.

"Àwọn kòkòrò tí ojú kò rí ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ìran méjì sì ni wọ́n. Ìran kìíní ní ìwàǹwára. Wọn a jẹ èèpo, wọn a mí èémí oríṣi méjì síta. Ọ̀kan ni èyí tó ń hó nínú mínírà, tó ń pa iná. Èkejì fúyẹ́ ju gbogbo afẹ́fẹ́ lọ. Ìran kejì kì í fọwọ́ kan èèpo. Èémí méjèèjì yẹn ni oúnjẹ wọn. Wọn a jẹ wọ́n pọ̀, ara wọn ni afẹ́fẹ́ tó ń jó ti ń jáde. Ṣùgbọ́n wọ́n lọ́ra, òtútù sì tún so wọ́n lọ́wọ́. Ìwọ wá ń da èèpo fún àwọn oníwàǹwára. Wọ́n jẹ, wọ́n mí, wọ́n sọ ilé di kíkan mọ́ àwọn tó lọ́ra lára. Èémí tí ẹnikẹ́ni kò rí jẹ ló kún àpò rẹ."

"Ṣé kí n ṣí i, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i?"

"Tí o bá fẹ́ pa wọ́n tán. Atẹ́gùn tí àwa ń mí, májèlé ni fún wọn."

"Kí ni kí n wá fún un jẹ, mà?"

"Má fún un ní nǹkan kan. Ọjọ́ mẹ́sàn-án."

"Àwọn òromọ mi ńkọ́?"

"Wá èédú."

Ó ní kó bu eérú sínú kòtò kí kíkan náà lè rọ̀, ó sì fún un ní garawa mẹ́ta ẹrẹ̀ dúdú láti inú kòtò tirẹ̀, kí àwọn tó lọ́ra lè pọ̀ sí i.

Ọkùnrin náà fi ìkòkò èédú yí àwọn òromọ ká, ó ṣí fèrèsé díẹ̀ kí èéfín má bàa pa wọ́n. Síbẹ̀ ó ń ṣa òkú láràárọ̀. Lọ́jọ́ karùn-ún tí kòtò kò ti jẹ nǹkan kan, ó ṣa ogún. Ó gbé garawa èèpo dé ẹnu kòtò. Ó dúró síbẹ̀ títí èjìká fi ń ro ó. Lẹ́yìn náà, ó gbé e sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, àpò kò kún dé ìdajì. Ó ṣá ìṣáná. Iná aláwọ̀ aró yọ, ó sì dúró. Àwọn òromọ tó kù fi díẹ̀ lé ní ọ̀ọ́dúnrún.

Ìwọ bàbá tí o jókòó níwájú mi, láti ìgbà tí ọmọbìnrin rẹ ti já nínú ìdánwò lo ti ń bá a wí láàárọ̀, tí o ń bá a wí lálẹ́. O ní ó ń gbọ́, nítorí pé "Bẹ́ẹ̀ ni, sà" ló ń dá ọ lóhùn. Àpò lo ń wò yẹn. Ọ̀rọ̀ tí o sọ lóṣù tó kọjá kò tíì dé ibi tó lọ́ra nínú rẹ̀. Má dà kún un. Má sì fipá ṣí i wò. Òtútù ń mú ọmọ náà. Gbé garawa sílẹ̀, kí o wá èédú.